Abẹ́rẹ́, Ọ̀nà àti Bodè: Iṣẹ́ Ìjọba nínú Àtúntò Ọ̀sìn Ẹran ní Orílẹ̀-èdè Niger

Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni kí n sọ bí ìjọba ṣe lè tún ọ̀sìn ẹran gbé dìde ní orílẹ̀-èdè tó ṣì ń gòkè àgbà. Kí ọ̀rọ̀ náà lè ní ibi tó fìdí lé, mo mú Kirkissoye, àdúgbò tó wà ní apá ọ̀tún Odò Ọya nínú ìlú Niamey yìí. Ibẹ̀ ni ìjọba dá oko màlúù oníwàrà sí, nítòsí omi, kí ìlú lè rí wàrà mu. Ohun tí mo fẹ́ fi yé wa ni pé ìjọba tó bá fẹ́ tún ọ̀sìn ẹran ṣe kò gbọdọ̀ sọ ara rẹ̀ di darandaran, kò sì gbọdọ̀ kẹ̀yìn sí darandaran. Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà tí ẹlẹ́ran kò lè dá ṣe láé, bó ti wù kó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tó: kí a fi abẹ́rẹ́ ṣẹ́gun àjàkálẹ̀ àrùn, kí a ṣọ́ ọ̀nà àti pápá tí ẹran ń gbà jẹko, kí a sì tún bodè tò kí ọjà ẹran àti ọjà wàrà má baà dojú rú. Bí ìjọba bá ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bó ti yẹ, ẹlẹ́ran á ṣe ìyókù. Bí kò bá ṣe wọ́n, oko ìjọba mẹ́wàá bíi ti Kirkissoye kò lè yí nǹkan padà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí Niger ní lọ́wọ́. Ilẹ̀ rẹ̀ lé ní 1,200,000 kìlómítà níbùú àti lóròó, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì jẹ́ aṣálẹ̀. Níbi tí òjò kò ti tó mú jéró gbó, ẹran ń rí nǹkan jẹ níbẹ̀. Màlúù Azawak wà ní ìhà àríwá àti ìwọ̀-oòrùn, Kouri oníwo ńlá wà létí adágún Chad, ewúrẹ́ pupa Maradi sì lókìkí nítorí awọ rẹ̀. Nínú gbogbo ọrọ̀ tí orílẹ̀-èdè yìí ń pèsè lọ́dún, ohun tó lé ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ló ń ti ara ẹran wá, ilé tí kò ní ewúrẹ́ tàbí àgùntàn kankan ní abúlé kò sì pọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, uranium nìkan ló ń ṣáájú ẹran nínú ohun tí Niger ń tà fún ayé. Síbẹ̀, bí a bá wọ ṣọ́ọ̀bù ní Niamey, ìyẹ̀fun tó ti òkè òkun wá ni wọ́n pò di èyí tó pọ̀ jù nínú wàrà inú ọ̀rá àti yógọ́ọ̀tì tí a máa bá níbẹ̀. Ìlú tí màlúù yí ká ló ń mu wàrà màlúù Yúróòpù. Ẹni tó bá rí okùnfà èyí ti rí ibi tó yẹ kí àtúntò ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn òmìnira ọdún 1960, ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà fún irú ìṣòro yìí jọra: ìjọba fúnra rẹ̀ ni yóò ní màlúù, òun ni yóò fún wàrà, òun náà ni yóò tà á. Niger dá àjọ wàrà ìjọba tí wọ́n ń pè ní OLANI sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, èyí tó wá di SOLANI lẹ́yìn náà. Ìrònú náà kò burú, àmọ́ ìṣirò rẹ̀ kò dúró. Màlúù tí a kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú kò lè wá koríko kiri. Oúnjẹ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a rà tàbí èyí tí a bomi rin, owó rẹ̀ sì máa ń wọ inú iye wàrà. Ìjọba kò sì fẹ́ kí wàrà wọ́n jù fún ará ìlú, nítorí ará ìlú ló ń fẹ̀hónú hàn nígbà tí nǹkan bá wọ́n, darandaran tó wà lọ́nà jíjìn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín ọ̀wọ́n oúnjẹ ẹran àti wàrà olówó pọ́ọ́kú, ohun tó rọ ilé-iṣẹ́ náà lọ́rùn jù ni kó ra ìyẹ̀fun kó sì po ó. Ilé-iṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ kó lè rí ọjà fún wàrà ilẹ̀ yìí wá di oníbàárà wàrà ilẹ̀ òkèèrè.

Nígbà tí gbèsè wá wọ ìjọba lọ́rùn, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí IMF àti Báǹkì Àgbáyé là sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1980 àti 1990 yí ọ̀rọ̀ náà sí òdì kejì. Wọ́n ní kí ìjọba fọwọ́ kúrò. SOLANI bọ́ sọ́wọ́ aládàáni, iye òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú ẹran ní ìgbèríko dín kù, a sì ní ọjà yóò tún ohun gbogbo ṣe. Ọjà kò tún un ṣe. Àwọn ilé-iṣẹ́ wàrà aládàáni tó wà ní Niamey tún ìyẹ̀fun gbé, nítorí pé ìdí tó fi rọrùn fún ìjọba ló fi rọrùn fún àwọn náà. Àwọn àgbà ní màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a léṣinṣin. Ẹ̀ka ọ̀sìn tí ìjọba fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ohun tí yóò fi lé ohunkóhun kúrò lára mọ́. Nítorí náà, iyàn tí a ti ń jà láti ogójì ọdún, bóyá kí ìjọba ni ín tàbí kí aládàáni ni ín, kì í ṣe ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Niger ti gbìyànjú méjèèjì. Ìbéèrè tó yẹ ni pé: iṣẹ́ wo ni kò sẹ́ni tó lè ṣe é bí ìjọba kò bá ṣe é?

Abẹ́rẹ́ ni èkínní. Bí màlúù mi bá ní àrùn tó ń ràn, owó tí mo ná láti wò ó ń gba màlúù aládùúgbò mi là. Bí aládùúgbò mi bá sì kọ̀ láti gba abẹ́rẹ́ fún tirẹ̀, owó mi ti ṣòfò. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a lè fi sílẹ̀ fún onílé kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ tí a ní ni ti rinderpest, àjàkálẹ̀ àrùn tó pa màlúù Áfíríkà lọ bẹẹrẹ ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tó sì tún padà wá jà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Láti ọdún 1962 ni àwọn ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà ti pawọ́ pọ̀ nínú ètò JP15, lẹ́yìn rẹ̀ ni PARC àti PACE, tí wọ́n ń fún màlúù ní abẹ́rẹ́ láti bodè dé bodè. Ní ọdún 2011, a kéde pé àrùn náà ti parẹ́ láyé. Nínú gbogbo àrùn tó ń ṣe ẹran, òun nìkan ni aráyé tíì pa rẹ́ pátápátá. Kò sí oko ìjọba kan tó fún ẹlẹ́ran Sahel ní èrè tó sún mọ́ èyí. Àrùn ẹ̀dọ̀fóró màlúù ṣì wà, bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní PPR, tó ń pa ewúrẹ́ àti àgùntàn, ìyẹn ẹran àwọn obìnrin àti àwọn tálákà. A kò sì nílò láti sọ gbogbo dókítà ẹran di òṣìṣẹ́ ìjọba kí iṣẹ́ yìí tó lè ṣeé ṣe. Niger ti ní ètò tí ìjọba fi ń gbé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ lé dókítà aládàáni lọ́wọ́, irú èyí tí a rí ní agbègbè Dakoro, níbi tí dókítà kan ń bá àwọn olùrànlọ́wọ́ tí wọ́n yàn láàárín àwọn darandaran fúnra wọn ṣiṣẹ́. Ìjọba ni yóò sanwó abẹ́rẹ́ àjàkálẹ̀, yóò sì yẹ iṣẹ́ wò. Dókítà yóò rí oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ nínú ìtọ́jú ojoojúmọ́. LABOCEL, ilé-ìwádìí ẹran ti ìjọba ní Niamey, wà nílẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù ni kí owó rẹ̀ má máa dúró de olùrànlọ́wọ́ láti òkè òkun lọ́dọọdún.

Ọ̀nà ni èkejì. Òjò Sahel kì í rọ̀ síbi kan náà lọ́dún méjì tó tẹ̀léra. Màlúù tó bá dúró sójú kan níbẹ̀ á jẹ koríko tán, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Èyí tó bá ń tẹ̀lé òjò á rí koríko tútù tó ní agbára. Nítorí náà, rírìn kì í ṣe ìwà àìlajú, òun gan-an ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà. Niger mọ èyí nínú òfin rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1961, òfin 61-05 pààlà sí àríwá pé iṣẹ́ àgbẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀, kí ilẹ̀ tó kù lè jẹ́ ti ẹran. Ní ọdún 1993, ìlànà òfin ìgbèríko jáde, tó fi ìgbìmọ̀ ilẹ̀ lélẹ̀ láti ẹ̀ka ìjọba dé abúlé. Ní 20 oṣù karùn-ún ọdún 2010, òfin 2010-029 lórí iṣẹ́ darandaran sọ ọ́ kedere pé lílọ-bíbọ̀ jẹ́ ẹ̀tọ́ pàtàkì fún darandaran. Òfin dára, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò tólẹ̀. Bí èrò ṣe ń pọ̀, oko jéró ti kọjá ààlà ọdún 1961, wọ́n ti dáko lé ọ̀pọ̀ ọ̀nà màlúù àti etí omi, òpó tí a rì mọ́lẹ̀ láti fi ọ̀nà hàn kò sì tó nǹkan. Ọ̀nà tí kò sí lórí àwòrán ilẹ̀, tí ìgbìmọ̀ kò sì kọ sínú ìwé, kò ní agbẹjọ́rò ní ọjọ́ tí àgbẹ̀ àti darandaran bá kojú ara wọn.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa tó ti ilẹ̀ Yorùbá wá yóò ta kò mí níbí. Ẹ ó ní, àwọn gómìnà ìhà gúúsù Nàìjíríà mẹ́tàdínlógún fẹnu kò ní Asaba ní oṣù karùn-ún ọdún 2021 pé fífi ẹran jẹko kiri gbọ́dọ̀ dópin; ẹ ó ní Èkìtì ti ṣòfin rẹ̀ ní 2016, Ọ̀yọ́ ní 2019; báwo ni ẹnì kan yóò ṣe dúró ní Niamey kó máa yin ohun tí a fòfin dè nílé? Ìdáhùn mi ni pé ilẹ̀ kò dọ́gba. Ní Ọ̀yọ́ àti Èkìtì, òjò ń rọ̀ fún oṣù púpọ̀, koríko lè hù lójú kan, oko sì kún ilẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sin màlúù níbẹ̀ lè gbin oúnjẹ rẹ̀. Ní àríwá Tahoua ní Niger, ẹni tó bá ṣe ọgbà yí màlúù ká ti ṣe ọgbà yí ebi ká. Ìjọba méjèèjì lè tọ̀nà, bí kálukú bá wo òjò rẹ̀ kó tó kọ òfin rẹ̀. Àṣìṣe ni kí ẹnì kan mú òfin ilẹ̀ igbó lọ sí aṣálẹ̀, tàbí kó mú ti aṣálẹ̀ wá sínú oko kòkó.

Bodè ni ẹ̀kẹta, ibẹ̀ sì ni ìjọba ti ń ṣe ìpalára jù láìmọ̀. Ọ̀nà méjì ni bodè ń gbà kan ẹlẹ́ran. Wàrà oníyẹ̀fun tó ń wọlé ni àkọ́kọ́. Ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, owó bodè lórí ìyẹ̀fun wàrà inú àpò ńlá kò ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ní ọdún 2015, Yúróòpù mú òté tó fi dá iye wàrà tí àgbẹ̀ rẹ̀ lè fún dúró kúrò, wàrà sì pọ̀ sí i níbẹ̀. Èyí tó wá burú ni ìyẹ̀fun tí wọ́n ti yọ ọ̀rá wàrà kúrò lára rẹ̀, tí wọ́n fi òróró ọ̀pẹ rọ́pò, tó sì ń tà ju wàrà gidi lọ ní ọjà nítorí pé owó rẹ̀ kéré. Obìnrin Fúlàní tó fún wàrà láàárọ̀, tó sì gbé e dé Niamey kí oòrùn tó mú, kò lè bá irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ figẹ̀ wọngẹ̀. Ní ọdún 2018, àwọn ẹgbẹ́ ẹlẹ́ran ní Niger, Mali, Burkina Faso, Senegal, Mauritania àti Chad bẹ̀rẹ̀ ìpolongo kan pé kí àwọn ará ìlú mu wàrà ilẹ̀ wọn. Ìpolongo dára, àmọ́ kò lè ṣe iṣẹ́ òfin.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà nígbà tí òfin sọ̀rọ̀. Láti nǹkan bí ọdún 2010 ni ilé-iṣẹ́ wàrà FrieslandCampina WAMCO ti ń ra wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní inú gáà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní agbègbè Fáṣọlà tí ìjọba ti dá oko ẹran sí tẹ́lẹ̀. Ohun tó mú wàrà jáde níbẹ̀ ni ibùdó tí wọ́n ti ń gba wàrà, tí wọ́n ti ń mú un tutù, tí a gbé sí tòsí ẹni tó ní màlúù. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2020, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ní ilé-iṣẹ́ mẹ́fà péré ni yóò máa rí dọ́là ra wàrà láti òkèèrè, àwọn tó ti fi hàn pé àwọn ń nawó sí wàrà abẹ́lé. Láàárín àkókò kan náà ni ilé-iṣẹ́ Promasidor bá Ìjọba Èkìtì wọ àdéhùn láti jí oko màlúù oníwàrà Ìkùn-Èkìtì dìde, oko tó ti dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi kò sọ pé òfin dọ́là náà kò ní àbùkù. Ohun tí mo ń sọ ni pé ilé-iṣẹ́ tó ń ra ìyẹ̀fun kì í yà lọ sí gáà nítorí ìwàásù. Ìṣirò owó ló ń mú un yà.

Àtakò tó wúwo wà sí èyí. Bí owó bodè bá pọ̀, wàrà ọmọ tálákà ní Niamey á wọ́n. Òótọ́ ni, ẹni tó bá sì fojú kéré rẹ̀ kò mọ bí ìlú ṣe rí. Ṣùgbọ́n Íńdíà ti fi ọ̀nà kan hàn. Láti ọdún 1970, nínú ètò tí wọ́n ń pè ní Operation Flood, Yúróòpù ń fún un ní ìyẹ̀fun àti òróró wàrà lọ́fẹ̀ẹ́. Íńdíà kò fi tọrẹ nígboro, kò sì tà á ní ọ̀pọ̀. Ó tà á ní iye tí kò ní ba ọjà àgbẹ̀ rẹ̀ jẹ́, ó sì fi owó náà kọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù oníwàrà sí abúlé, pẹ̀lú ọkọ̀ àti ẹ̀rọ amúwàràtutù. Kí ọ̀rúndún ogún tó parí, òun ló ń pèsè wàrà jù láyé. Ìyẹ̀fun kọ́ ni ọ̀tá, ibi tí owó rẹ̀ ń lọ ni ọ̀rọ̀ wà. Kí Niger máa fi owó bodè kún díẹ̀díẹ̀ lórí ìyẹ̀fun olóròóró ọ̀pẹ ná, kó sì kọ ọ́ sínú òfin pé gbogbo owó náà yóò lọ sí ibùdó ìgbawàrà ní Say, Kollo, Hamdallaye àti Torodi ní àyíká Niamey. Kí a sì ṣọ́ra, nítorí nínú àṣà Fúlàní, owó wàrà jẹ́ ti obìnrin. Ibùdó tó bá ń sanwó fún ọkọ nìkan yóò gba owó ọbẹ̀ lọ́wọ́ ìyá kó tó fi kún owó ìlú.

Ọ̀nà kejì tí bodè ń gbà kan ẹlẹ́ran ni ẹran tó ń jáde. Nàìjíríà ni oníbàárà ńlá Niger. Màlúù àti àgbò tó ń gba Maradi àti Katsina kọjá ń dé Kárà lójú ọ̀nà Èkó àti Akínyẹlé ní Ìbàdàn. Láti ọdún 2023, ọjà yìí ti jìyà. Náírà já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà, ológun gbàjọba ní Niamey ní oṣù keje, ECOWAS sì ti bodè pa títí di oṣù kejì ọdún 2024. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, nígbà tí Iléyá ń bọ̀, ìjọba Niger fúnra rẹ̀ fòfin de títa ẹran kọjá bodè kí àgbò má baà wọ́n fún ará ìlú. Ẹni tó bá gbèjà òfin náà yóò ní ọmọ onílé ló yẹ kó kọ́kọ́ jẹ ẹran ilé. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ náà wọni létí. Ṣùgbọ́n ẹran ni báǹkì darandaran. Kó tó lè ra jéró, ó gbọ́dọ̀ ta ewúrẹ́. Àpò jéró tí ewúrẹ́ kan lè rà ló ń sọ bóyá ilé rẹ̀ yóò jẹun lóṣù náà. Bí a bá ti bodè lásìkò tí ọjà rẹ̀ dára jù lọ́dún, owó oúnjẹ ẹni tí kò ní la gbà fún ẹni tó ní díẹ̀. Bodè tó gùn tó báyìí kò sì ṣeé tì tán. Àwọn alágbára á gba ẹ̀yìn kọjá, aláìlágbára ni yóò tẹ́wọ́ gba iye tí wọ́n bá dá lé e.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí ogun ń jà. Láti ọdún 2017 ni òfin pàjáwìrì ti wà ní agbègbè Tillabéri, àwọn agbébọn sì ń kó ẹran, wọ́n ń fi ipá gba owó tí wọ́n ń pè ní sàká lọ́wọ́ ẹlẹ́ran. Ṣé ìgbà yìí ni a ó máa rì òpó ọ̀nà màlúù mọ́lẹ̀? Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ohun tí àwọn agbébọn náà ń tà fún ọ̀dọ́ darandaran ni pé àwọn yóò dáàbò bo ẹran rẹ̀, àwọn yóò sì bá a dá ẹjọ́ ilẹ̀ tí ìjọba kò dá. Níbi tí ìgbìmọ̀ ilẹ̀ ti ń jókòó, tí ọ̀nà ti wà lákọsílẹ̀, ọjà wọn kò tà tó bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀sìn jẹ́ ara iṣẹ́ ààbò, kì í ṣe ohun tí a ó ṣe nígbà tí ààbò bá dé.

Kí wá ni ti Kirkissoye fúnra rẹ̀? Èmi kò sọ pé kí a tà á, n kò sì sọ pé kí a fi màlúù kún un. Ilẹ̀ etí odò nínú ìlú tí èrò ń kún kì í ṣe ibi tí wàrà ìlú yóò ti wá. Ní ọdún 2020, nígbà tí Odò Ọya kún bo ẹ̀bá rẹ̀, Kirkissoye wà lára àwọn àdúgbò tí omi wọ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba nílò ibi tí a ti ń kọ́ àwọn obìnrin oníwàrà ní ìmọ́tótó, tí a ti ń dán oúnjẹ ẹran wò, tí a sì ti ń yẹ wàrà wò kó tó wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Toukounous ní agbègbè Filingué, níbi tí wọ́n ti ń ṣa Azawak tó dára láti ọ̀pọ̀ ẹ̀wádún: iṣẹ́ rẹ̀ ni kí akọ màlúù rere máa ti ibẹ̀ lọ sínú agbo àwọn darandaran. Ṣíṣa irú ẹran gba sùúrù ọdún púpọ̀ tí aládàáni kò ní, nítorí náà ó yẹ ìjọba. Fífún wàrà kò yẹ ẹ́.

Niger kò ṣaláìní ètò. Ní ọdún 2013, ó fọwọ́ sí ètò ìdàgbàsókè ọ̀sìn ẹran tó lọ títí di 2035, ó sì ti bá àwọn ará Sahel fọwọ́ sí ìwé Nouakchott lórí iṣẹ́ darandaran lọ́dún kan náà. Ohun tí mo rọ̀ wá láti máa wò láti ìsinsìnyí lọ ni ìwé ìṣúná. Kí a bi ìjọba lọ́dọọdún: ẹran mélòó ló gba abẹ́rẹ́, kìlómítà ọ̀nà màlúù mélòó ni ìgbìmọ̀ ilẹ̀ kọ sínú ìwé, ìdá mélòó nínú wàrà tí àwọn ilé-iṣẹ́ Niamey tà ló ti ọmú màlúù Niger jáde? Ìjọba tó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ìdáhùn rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i, ti ń ṣe àtúntò, bí kò tilẹ̀ ní màlúù kan ṣoṣo. Èyí tó bá ń ṣí oko tuntun láìlè dáhùn ọ̀kan nínú wọn ń tún àṣìṣe àtijọ́ ṣe pẹ̀lú owó tuntun.